Ẹ̀wù Funfun Lórí Àga Katikísì

Nígbà tí ẹ̀mú irin bá dún gbangan lẹ́nu ààrò, èmi, Jùliánà Ọlájùmọ̀kẹ́ Odùfẹ̀sọ̀, a mọ̀ pé mo ti tún gbé òpin ẹsẹ Bíbélì mì. N óò wà ní ìpẹ̀kun àgbàlá, nídìí igi àgbọn, pẹ̀lú Bíbélì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já lọ́wọ́ mi. Ìyá tí ń kọ́ mi ní Bíbélì kíkà yóò wà ní ìpẹ̀kun kejì, nínú èéfín èèpo àgbọn, tí ó ń fi ẹ̀mú yí ẹja àrọ̀ padà lórí àwọ̀n wáyà. Òróró ẹja a máa kán sínú iná, iná a sì máa ta ṣáṣáṣá. Ewúrẹ́ ń ké, àwọn ọlọ́kọ̀ ń pariwo mọ́ ara wọn ní etí ọ̀sà. Láàárín gbogbo ariwo wọ̀nyí ni mo gbọ́dọ̀ ti ka Sáàmù kan tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ẹja kò gbọ́ ọ,” ni yóò wí, láìgbójú sókè. “Bí òkú ẹja kò bá gbọ́ ọ, ṣé àgbà ìjọ tí ń sùn ni yóò gbọ́ ọ? Tún un kà.”

N óò tún un kà.

Ó yẹ kí ẹni tí ń kàwé mọ ẹni tí ń bá a sọ̀rọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ wa ní ilé-ìwé láyé ìgbà náà. Ẹni àádọ́rin ọdún ni mí. Odùfẹ̀sọ̀ agbẹ́kọ̀ ni ó bí mi, ní Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ọkọ̀ tí baba mi bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kì í jò, kò sì sí apẹja tí ó lè sọ pé irọ́ ni mo pa. Ọmọ àgbẹ̀ ni ìyá mi, ará Agbówà ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe, mo sì fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú, ìlú tí mo ti lọ́kọ tí mo sì ti bímọ. Mo ti sọ orúkọ tèmi, ṣùgbọ́n n kò ní sọ ti ìyá náà. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kankan, n kò sì ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbẹ́ ẹ sára òkúta láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

Aládùúgbò wa ni. Inú ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí, ní apá Èkó-Ẹ̀pẹ́, láàárín ìran àwọn tí wọ́n bá ọba wọn kúrò ní Erékùṣù Èkó láyé àtijọ́, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí etí ọ̀sà wa. Ààfáà ni baba rẹ̀. Ní ilé-kéú baba rẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ fojú kan lẹ́tà, lórí wàláà, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ kéú fi ń kọ́ ìwé. Ìgbéyàwó ni ó gbé e wọ inú ìjọ wa. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ó ṣì ń pọn àbígbẹ̀yìn wọn, síbẹ̀ kò padà sí ilé baba rẹ̀. Inú ìjọ náà ni ó dúró sí, pẹ̀lú ààrò ẹja rẹ̀ àti wàláà kan tí ó gbé wá láti ilé.

Orí wàláà yìí ni ó ti kọ́ àwa ọmọ ilé-ìwé Ọjọ́ Ìsinmi ní Òfin Mẹ́wàá. Yóò fi èédú kọ òfin kan sí i, àwa yóò sì fi ohùn orin kà á, a ó máa mi síwá-sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ọmọ kéú. Nígbà tí ó bá dá a lójú pé a ti ń gbádùn ara wa, yóò da omi sí pákó náà, yóò nù ún mọ́ tónítóní, yóò sì gbé e sókè ní òfìfo.

“Ó yá. Ẹ kà á.”

Àwa yóò sì máa ka ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. “Ìgbà tí mo bá nù ún,” ni ó máa ń wí, “ni ẹ ó tó mọ̀ bóyá ẹ mọ̀ ọ́n.”

Ìyá Ẹgbẹ́, olórí àwọn obìnrin ìjọ wa, kò fẹ́ràn wàláà yìí rárá. Obìnrin gíga ni, gèlè rẹ̀ a máa kan àtẹ́rígbà. Ní ọjọ́ kan ó dúró lé wa lórí, ó kó ọwọ́ mọ́ ìbàdí.

“Ṣé kéú ni a rán àwọn ọmọ wa wá kọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?”

“Pákó ni, Ìyá Ẹgbẹ́,” ni olùkọ́ wa fi ohùn pẹ̀lẹ́ dáhùn. “Pákó kò ní ẹ̀sìn. Bẹ́ńṣì tí ẹ máa ń jókòó lé yẹn, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti ṣe ìrìbọmi.”

Àwa ọmọdé fi ìwé orin bojú kí Ìyá Ẹgbẹ́ má baà rí ẹ̀rín tí ń pa wá.

Katikísì kan ni ó ń ṣe àkóso ìjọ wa nígbà náà, nítorí pé àlùfáà kan ṣoṣo ni ó wà fún gbogbo ìjọ etí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ni ó sì ń wọ̀ tọ̀ wá wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Onínú tútù ènìyàn ni katikísì, ó sì fẹ́ràn àwàdà. Ní àkókò òjò kan ni làkúrègbé dè é mọ́ ibùsùn. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n mọ̀wé kà ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Apẹja ni àwọn tí ó kù, ibùdó ẹja sì ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wà ní Ọjọ́ Ìsinmi. Gbogbo ìjọ ni ó mọ ẹni tí ó lè ka ìwé, tí ó lè dá orin, tí ó sì lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ìyá mi nígbà tí Ìyá Ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ẹ jẹ́ kí a ti ilẹ̀kùn títí ara katikísì yóò fi le. Obìnrin kì í gun ọ̀pẹ. Ta ni ó wá fẹ́ gun púlípítì?”

“Ṣọ́ọ̀ṣì tí a bá tì,” ni ìyá mi kùn sínú, “ewúrẹ́ ni yóò jogún rẹ̀.” Ṣùgbọ́n ó rí i pé Ìyá Ẹgbẹ́ kò gbọ́.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, òjò ń lu páànù bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè. A wọlé, a sì dúró sójú kan. Àga katikísì wà ní ipò rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Lórí àga náà ni a tẹ́ ẹ̀wù funfun tí ó fi ń ṣe ìsìn sí, tí a ti fọ̀, tí a ti fi sítáàṣì sí. Ọrùn ẹ̀wù náà fẹ̀yìn ti àga, apá rẹ̀ méjèèjì sì nà lé ọwọ́ àga, bí ẹni pé ẹnì kan jókòó sínú rẹ̀ tí a kàn kò rí orí àti ọwọ́ rẹ̀ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nílẹ̀, ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn pẹpẹ, ni olùkọ́ wa dúró sí nínú aṣọ òkè rẹ̀ tí èéfín ẹja kò fi sílẹ̀ rí.

“Ẹ jẹ́ kí a kọrin,” ni ó wí.

Kò sí ẹni tí ó mira. Gbogbo ojú ń wo Ìyá Ẹgbẹ́, Ìyá Ẹgbẹ́ sì ń wo ẹ̀wù náà. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tí ó yá, ó gbé gèlè rẹ̀ gún, ó dìde, gbogbo wa sì dìde tẹ̀lé e. Orin náà bo ariwo òjò mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀wù ti di katikísì. Baba apẹja kan kì í jáde láìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún un: “Ẹ kú ìsìn o, sà.” Ìyá mi fa etí mi nítorí pé mo sáré kọjá níwájú àga: “Ṣé o kò rí katikísì ni?” Bẹ́ẹ̀ sì ni katikísì gan-an wà ní ilé rẹ̀ ní òdìkejì ọ̀nà, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń fi àdí pa orúnkún fún un. Nígbà tí obìnrin kan mú iṣu ìdúpẹ́ wá, ó kúnlẹ̀, ó sì to iṣu náà síwájú ẹ̀wù. Katikísì gbọ́, ó sì ránṣẹ́ láti orí ibùsùn rẹ̀: “Ẹ bá mi bi ẹ̀wù mi bóyá yóò jẹ iṣu náà. Bí kò bá ní í jẹ ẹ́, ẹ gbé e wá.”

Lábẹ́ òjìji ẹ̀wù yìí ni ìyá náà ti kọ́ ìjọ. Kì í pariwo. Kì í sì í ka ìwàásù láti inú ìwé. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ni ó fi ń la ọ̀rọ̀ yé ènìyàn. Mo rántí ohun tí ó sọ nípa àwọn obìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ dé ibojì Olúwa ní òwúrọ̀ àjíǹde. “Ẹ̀yin rò pé ìgboyà ni ó gbé wọn débẹ̀? Iṣẹ́ ni. Òróró olóòórùn dídùn wà lọ́wọ́ wọn, òkú sì wà tí wọ́n fẹ́ tọ́jú. Ẹni tí iṣẹ́ bá gbé jáde ní ìdájí ni ìhìn rere máa ń bá pàdé lójú ọ̀nà.” Àwọn obìnrin tí wọ́n ń jí lọ sí Ọjà Olúwo pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí wọn mí kanlẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ pàápàá ṣe “hùn-ún,” ohùn tí ó máa ń ṣe nígbà tí ọbẹ̀ bá dùn ju bí ó ti fẹ́ gbà lọ.

Òjò dá. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo wọlé, mo sì rí i pé àga katikísì ṣófo. Ẹ̀wù kò sí níbẹ̀. Ìyá náà dúró sí ipò tí ó máa ń dúró sí, Bíbélì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ rọ̀. Mo tọ́ ìyá mi ní ẹ̀gbẹ́, mo sì nawọ́ sí àga. Ó já mi ní èékánná. Mo wo baba apẹja. Ìwé orin rẹ̀ ni ó ń wá. Mo wo Ìyá Ẹgbẹ́. Ó ti ṣí Bíbélì rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ, ó sì ń dúró kí a bẹ̀rẹ̀. A kọrin, a gbàdúrà, a gbọ́ ọ̀rọ̀, a sì lọ sí ilé. Ẹ̀wù náà kò padà sórí àga mọ́, kò sì sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀.

Nígbà tí ó ṣe tí làkúrègbé kò jẹ́ kí katikísì wa lè padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fi katikísì mìíràn ránṣẹ́ sí wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń dún. Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì gbé Bíbélì ìjọ fún un, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì padà sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn obìnrin. Mo ń wo ojú rẹ̀ láti rí bóyá yóò sunkún. Kò sunkún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, nídìí ààrò, ó ní kí n lọ dúró jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn igi àgbọn, ní ojú ọ̀nà gan-an, kí n máa kàwé láti ibẹ̀.

Mo fò púpọ̀ kọjá báyìí, nítorí pé ayé mi kún fún ṣọ́ọ̀kì, ọmọ, àti ìsìnkú bíi ti gbogbo ènìyàn. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí, mo ti di àgbà nínú ìjọ wa ní Ìkòròdú, ìjọ àwọn òṣìṣẹ́ olówó oṣù tí ń gbé inú ẹ́sítéètì, tí wọ́n ń jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́. Àlùfáà àti ìgbìmọ̀ pinnu pé kí obìnrin máa wàásù, wọ́n sì yàn mí gẹ́gẹ́ bí ẹni àkọ́kọ́. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni n óò bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn títí Baba Ìjọ, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ tí ó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ báńkì, fi wá sí ilé mi.

“Màmá, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù,” ni ó wí. “Àwọn kan ní àwọn máa kúrò níjọ tí obìnrin bá gun púlípítì. A bẹ̀ yín, ẹ dúró nílẹ̀. Máíkù máa wà níbẹ̀, ohùn yín máa dé ibi gbogbo. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń sọ fún wa pé màmá yín tó wà l'Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ ni wọ́n dúró sí, Ọlọ́run sì lò wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ ẹnu ara mi ni wọ́n fi dè mí. Òótọ́ ni pé mo máa ń fi ìyá náà yangàn. Bí mo bá kọ̀, ọkùnrin ni wọn yóò fi rọ́pò mi, wọn kò sì ní béèrè lọ́wọ́ obìnrin mọ́ lójú ayé mi. Bí mo bá gbà, gbogbo obìnrin tí yóò tẹ̀lé mi ni yóò dúró nílẹ̀, èmi ni wọn yóò sì máa tọ́ka sí. Mo ní kí ó fún mi ní àyè kí n lọ ronú. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Ìkòròdú Garage.

“Ẹ̀pẹ́! Ẹ̀pẹ́! Màmá, ẹ wọlé, ó ku ẹnì kan ṣoṣo!” Agbèrò tí ń pariwo yìí ti ń sọ pé ó ku ẹnì kan láti ìgbà tí mọ́tò ti ṣófo. A kọjá oríta Agbówà, mo sì kí ìlú ìyá mi nínú ọkàn mi.

Ìyá náà ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń gbé, ní ìtòsí Ọjà Olúwo, níbi tí òórùn ẹja yíyan ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ojú rẹ̀ ti fọ́.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, mà. Jùmọ̀kẹ́.”

“Jùmọ̀kẹ́ tí ń gbé ọ̀rọ̀ mì?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó ń fi àtàǹpàkò pa ọ̀pá rẹ̀.

“Ta ni ó sọ fún wọn pé ilẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí?”

“Ẹ̀yin ni ẹ dúró síbẹ̀, mà.”

“Mo dúró síbẹ̀, òótọ́ ni. Bí ènìyàn bá sùn lórí ẹní, ṣé ó ti sọ pé òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn?”

Mo bi í nípa ẹ̀wù katikísì. Mo ti rò láti kékeré pé katikísì ni ó fi ránṣẹ́, pé òun ni ó pàṣẹ pé bí obìnrin bá máa sọ̀rọ̀, lójú ẹ̀wù òun ni.

“Katikísì kẹ̀? Ara ń ro ó, ta ni ó rántí ẹ̀wù? Èmi ni mo lọ gbà á lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi ni mo fi sítáàṣì sí i.”

“Nítorí àwọn ọkùnrin, mà?”

“Àwọn ọkùnrin wo? Orí omi ni wọ́n wà. Nítorí Ìyá Ẹgbẹ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Wọn kì í ṣe ìkà, Jùmọ̀kẹ́. Ojú ń tì wọ́n ni. Wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Mo wá fún ojú wọn ní nǹkan tí ó mọ̀ kí ó máa wò, kí etí wọn lè ráyè gbọ́ mi. Nígbà tí mo rí i pé wọn kò wo ẹ̀wù mọ́, mo nù ún kúrò, bí a ṣe ń nu wàláà. Ta ni ó béèrè rẹ̀?”

“Kò sí ẹni tí ó béèrè, mà.”

“O rí i. Ilẹ̀ tí mo dúró sí yẹn náà, wàláà ni. Mo fẹ́ nu òun náà, wọ́n wá gbé ọmọkùnrin oníbàtà wọn dé.” Katikísì tuntun ni ó ṣì ń bú bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn bí àádọ́ta ọdún ó lé. “Mo ti dúró nílẹ̀ tó. Mo ti dúró dé ti ìwọ náà. Gòkè.”

“Bí wọ́n bá kúrò níjọ ńkọ́, mà?”

“Orin á máa wù wọ́n, wọn á padà.” Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi. “Ṣùgbọ́n má gbé ọ̀rọ̀ mì o.”

Mo padà, mo sì dúró níwájú ìgbìmọ̀. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti fi ìyá náà ṣe ẹlẹ́rìí, kí wọ́n gbọ́ ẹ̀rí lẹ́nu òun fúnra rẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹní àti bẹ́ẹ̀dì fún wọn. Ẹ̀rín gbé Baba Ìjọ. “Ó tán,” ni ó wí, “mo ti fi ẹnu ara mi kó bá ara mi. Màmá, ẹ máa gòkè.” Àwọn kan kúrò lóòótọ́. Kí ọdún tó parí, púpọ̀ nínú wọn ti padà.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ó fi mọ́tò gbé ìyá náà wá láti Ẹ̀pẹ́ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Wọ́n mú un jókòó sí iwájú, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ lé e lọ́wọ́. Mo gun àtẹ̀gùn púlípítì pẹ̀lú orúnkún arúgbó, mo di igi rẹ̀ mú, mo sì wo ìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Bí mo ti rí i níbẹ̀, ojú rẹ̀ tí kò ríran kọjú sí òkè níbi tí ohùn mi ti ń bọ̀, omi bọ́ sí mi lójú, ohùn mi sì lọ sílẹ̀.

Ọ̀pá rẹ̀ dún lórí sìmẹ́ńtì: gbọ̀n-ìn.

Gbogbo ìjọ yíjú. Wọ́n rò pé ọ̀pá ni ó bọ́. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ẹ̀mú lẹ́nu ààrò. Mo nu ojú mi, mo sì tún ẹsẹ náà kà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn láìsí ìrànlọ́wọ́ máíkù.

Lẹ́yìn ìsìn, mo bá a ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Ó fi ọwọ́ wá ọwọ́ mi, ó dì í mú.

“Báwo ni ó ṣe rí lókè ọ̀hún?”

“Gbogbo wọn ni mo rí, mà. Títí dé ẹnu ọ̀nà.”

“Àwọn tí ń sùn ńkọ́?”

“Mo rí wọn, mà.”

“Ẹn-ẹ́n,” ni ó wí, inú rẹ̀ dùn bí ti ọmọdé. “Láti ilẹ̀, n kò rí wọn dáadáa rí.”

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n sì gbé e lọ pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ tí ó yọ lójú fèrèsé. Ó sùn nínú Olúwa kí n tó tún lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Èmi náà ti ní ọ̀pá báyìí. Ọ̀dọ́bìnrin kan wà nínú ìjọ wa, òṣìṣẹ́ ìjọba ni, tí ó ti ń gun púlípítì bí ẹni tí kò mọ̀ pé ìgbà kan wà tí a kì í gùn ún. N kò sọ ìtàn ìgbà náà fún un. A ti nu wàláà náà mọ́, ó sì ń kà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ní òpin ẹsẹ, mo máa ń fi ọ̀pá mi lu ilẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé ọjọ́ ogbó ni ó ń ṣe mí. Ó máa ń gbé ohùn sókè, èmi náà a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyá tí mo fi ojú rí kẹ́yìn ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin, ọdún 2003.